Ẹran Iléyá tí mo fi ìbínú gbà

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́ ibí, ẹ gbọ́ ohun tí mo fi ọwọ́ ara mi fà nígbà Iléyá tó kọjá yìí. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, yóò kàn máa jẹ mí lọ́kàn ni.

Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í gba ìyànjẹ. Bí ẹ bá páàkì mọ́tò síwájú géètì mi, mo máa ya fọ́tò rẹ̀. Bí búrẹ́dì tí mo rà bá ti bu, mo máa dá a padà, màá sì ṣàlàyé ìdí. Yunifásítì tí mo lọ kọ́ mi pé ẹ̀rí ni kí n máa fi sọ̀rọ̀, mo sì gbọ́ ẹ̀kọ́ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ.

Àwọn èèyàn máa ń bú Èkó. Wọ́n ní ariwo pọ̀, wọ́n ní kálukú ló ń ṣe tirẹ̀. Ẹ wá wo ẹsitéètì wa ní Ìkòsì! Láàárọ̀ Sátidé, mo máa ń gbé àga sí bálíkónì, tíì gbígbóná lọ́wọ́ kan, búrẹ́dì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní békárì ẹ̀yìn wa lọ́wọ́ kejì, atẹ́gùn ẹ̀yìn òjò á máa fẹ́ yẹ́ẹ́. Kí ni mo tún ń wá? Bó bá sì di ọdún, a máa ń gbé oúnjẹ fún ara wa. Àwa onígbàgbọ́ máa gbé ìrẹsì Kérésì fún àwọn Mùsùlùmí, àwọn náà máa gbé ẹran Iléyá fún wa. Kò sí òfin tó sọ bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n gbogbo wa mọ̀ ọ́n.

Alhaja ni aládùúgbò mi, ògiri kan ló là wá láàárín. Ará Ìsẹ́yìn ni wọ́n, ata ni wọ́n ń tà ní Mile 12. Ẹran Alhaja! Wọ́n máa dín in títí ara rẹ̀ á fi pọ́n, àlùbọ́sà á ti wọ inú egungun. Ẹran yẹn wà lára ohun tí kì í jẹ́ kó wù mí láti kúrò ní Èkó.

Lọ́dún yìí, mo sọ fún ìyàwó mi pé kó má wulẹ̀ ra ẹran, kó kàn dín ọbẹ̀ ata sílẹ̀. Ó wò mí, ó ní, "Daddy Ìrètí, ẹran tí ò tíì dé lẹ ń se ọbẹ̀ dè?" Mo rẹ́rìn-ín.

Ọ̀sán pọ́n, mo jókòó sí bálíkónì. Mo rí Ràṣídà, ọmọ Alhaja, tó gbé abọ́ búlúù tó ní ìdérí jáde. Ó lọ sílé Mummy Sádíà ní ìparí kúlọ́ọ̀sì wa. Ó dáa. Ó padà wá gbé kúlà funfun, ó gba iwájú géètì mi kọjá sílé Alfa. Ó tún kí mi! "Ẹ kú ọdún, sà." Ó kọjá. Ó tún gbé abọ́ mìíràn, ó sọdá sí òdìkejì. Ṣé ilé tèmi ti di kòtò tí wọ́n ń fò ni?

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹ̀sùn lọ́kàn mi. Àkọ́kọ́, ta ni ilé rẹ̀ sún mọ́ tiwọn jù? Èkejì, ta ló fa wáyà láti ara jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ kí ẹja wọn má bàa bàjẹ́? Ẹ̀kẹta, ta ló wa mọ́tò gbé wọn lọ sí ọsibítù nígbà tí ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n? Èmi náà ni! Ọbẹ̀ ata mi sì ń tutù lọ.

Ìyàwó mi ní ẹja wà nínú fíríìsà, kí n jẹ́ ká jẹun. Mo ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran, ọ̀rọ̀ ohun tó tọ́ ni. Irọ́ ni o. Ọ̀rọ̀ ẹran ni!

Ni mo bá ṣí WhatsApp ẹsitéètì wa, níbi tí gbogbo onílé àti ayálégbé wà. Mo kọ ọ́ gúnrégé: pé mo kí gbogbo ilé kú ọdún, pé mo kíyè sí i pé wọ́n ti ń fojú yan ẹni tí wọ́n máa fún lẹ́ran, pé mo fojú ara mi rí abọ́ tó ń fo ilé mi, àti pé bó bá jẹ́ nítorí pé a kì í ṣe Mùsùlùmí ni, kí wọ́n sọ ọ́ síta ká lè mọ̀. Mi ò dárúkọ. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀?

Ẹnì kan fi ẹ̀rín sí i. Ẹlòmíràn ní, "Ha! Daddy Ìrètí, nítorí ẹran?"

Kò pẹ́, wọ́n kan ilẹ̀kùn. Ràṣídà ni, pẹ̀lú abọ́ kékeré kan. Ojú rẹ̀ kọ́rẹ́ lọ́wọ́. Ó kúnlẹ̀, ó ní Mọ́mì òun ní ká má bínú pé ó pẹ́. Mo gbà á bí ẹni tó jàre ní kóòtù. Mo ní kí ìyàwó mi wá wò ó, pé ṣé ó rí i, èèyàn gbọ́dọ̀ máa sọ̀rọ̀! Mo mú eegun kan, mo ń họ ọ́ lọ.

Ẹnu mi ò tíì kúrò níbẹ̀ tí fóònù fi dún. Mummy Sádíà ni. Ó bi mí pé kí ló wà nínú abọ́ búlúù tí mo rí. Mo ní ẹran ni, pé wọ́n ti gbé tèmi náà dé.

"Òfìfo ni, Daddy Ìrètí! Abọ́ mi ni. Èmi ni mo fi ẹran ránṣẹ́ sí Alhaja láàárọ̀. Wọ́n fọ abọ́, wọ́n dá a padà."

Mo ní, "Kúlà ńkọ́?"

"Ti Alfa ni. Àwọn náà fún wọn lẹ́ran. Alhaja ò pa ẹran lọ́dún yìí. Ọkọ̀ tó ń kó ata wọn bọ̀ láti òkè Ọya bàjẹ́ lọ́nà, gbogbo ata ló jẹrà. Ẹran wo lẹ rò pé wọ́n gbé wá fún yín?"

Eegun já bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ẹran tí àwọn èèyàn fi ta wọ́n lọ́rẹ, kí àwọn àti ọmọ wọn lè ṣọdún, ni mo fi èébú gbà. Mo tún yẹ sípẹ́líǹgì èébú náà wò kí n tó fi ránṣẹ́!

Mo sáré pa ọ̀rọ̀ yẹn rẹ́, ṣùgbọ́n ta ni kò tíì kà á? Ìyàwó mi ò bú mi. Ó kàn dé abọ́ náà, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní, "Ẹ máa lọ."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní pálọ̀ Alhaja. Wọ́n ní kí n dìde, kí n má ba aṣọ ọdún mi jẹ́. Mo gbé ẹran sílẹ̀, wọ́n tì í padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ní oúnjẹ tó bá ti jáde nílé àwọn kì í wọlé mọ́. Wọ́n wá rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Daddy Ìrètí, Kérésì tó kọjá, mo ní kí Ràṣídà má dáná, mo ní ìrẹsì yín ń bọ̀. Ẹ ti lọ ṣọdún ní Ìjẹ̀bú! Gààrí la mu. Ṣé ẹ rí i kà lórí WhatsApp?"

Ká ní ilẹ̀ lanu ni, ǹ bá wọ inú rẹ̀ lọ.

Mo ní màá kọ ọ́ síta pé èmi ni mo ṣẹ̀, màá ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín ti kúrò lójú wọn.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣàlàyé. Àwọn tó fún mi nìkan ló mọ̀ pé mi ò pa ẹran. Bẹ́ ẹ bá ṣàlàyé, gbogbo wọn á máa káàánú mi. Mi ò fẹ́ ẹ."

Kí ni mo wá lè kọ? Mo kọ ọ́ pé, "Ẹran ti dé. Èmi ni mo ṣẹ̀. Ẹ foríjì mí." Ẹ̀rín ni wọ́n fi bò mí! Lójú gbogbo wọn, ariwo ni mo fi gba ẹran. Orúkọ mi ti di Daddy Ẹran. Nípàdé ẹsitéètì tó tẹ̀lé e, alága ní kí Daddy Ẹran wá gbàdúrà fún wa. Èmi tí n kì í gba ìyànjẹ, mo dìde, mo gbàdúrà. Ẹ̀rí wà lẹ́nu mi, mi ò lè tú u jáde.

Mo gba àṣẹ lọ́wọ́ Alhaja kí n tó kọ èyí fún ẹ̀yin tó wà níta ẹsitéètì wa, mo sì ti yí orúkọ gbogbo wa padà. Wọ́n ní kò burú, bí yóò bá kọ́ ẹlòmíràn lọ́gbọ́n.

Ọgbọ́n náà rèé: ohun tí ojú rí kì í ṣe gbogbo ohun tó wà nínú abọ́. Kó o tó fi aládùúgbò sun gbogbo ayé, lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Ìtìjú tí èèyàn lè ṣàlàyé sàn, èyí tí kò ṣeé ṣàlàyé ló ń dunni.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló ti ṣẹ aládùúgbò rẹ̀ báyìí rí? Báwo lẹ ṣe tún un ṣe? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, mo fẹ́ kà á tọkàntọkàn, torí Kérésì ń bọ̀, mi ò sì tíì mọ bí ìrẹsì tí mo máa fi bẹ Alhaja ṣe gbọ́dọ̀ pọ̀ tó.