Èéfín Wúrà

Alágbẹ̀dẹ wúrà ni mí. Ọ̀yọ́ ni mo ti kọ́ṣẹ́, ṣùgbọ́n Banjul ní Gambia ni mo ti ń fi í jẹun, nínú ìsọ̀ kan tí kò fẹ̀ ju ibùsùn lọ lẹ́bàá ọjà. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé bí mo bá fẹ́ yan wúrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi ìwakùsà dé, kí n gbé iná síta, kí atẹ́gùn sì máa fẹ́ láti ẹ̀yìn mi. Mákúrì ni àwọn awakùsà fi ń kó wúrà jọ kúrò nínú iyẹ̀pẹ̀. Bí iná bá ti kàn án, á di èéfín, májèlé sì ni èéfín náà. Mo mọ̀ ọ́n dájú. Ẹ má bá mi wá àwáwí.

Nígbà tí ikọ́ àti ẹ̀fọ́rí rẹ̀ sú mi, mo pinnu pé n kò ní yan wúrà ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún mi, kó yan án wá láti ilé. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo ń bi wọ́n: "Ṣé ó mọ́?" Wọn a fi Wolof dá mi lóhùn pé, "Set na," ó mọ́. N kò béèrè odò tí wọ́n bàjẹ́ kí wọ́n tó rí i, n kò béèrè ẹni tó gbẹ́ kòtò rẹ̀. Kó sáà ti mọ́ lójú mi.

Obìnrin kan wà ní àdúgbò Bundung, tí kò jìnnà sí Banjul, tí ọkọ rẹ̀ ń wa wúrà lápá ìlà oòrùn Senegal. Ọkọ a fi wúrà náà rán awakọ̀ tó ń gba èbúté Barra sọdá odò wá, ìyàwó a sì gbé e wá fún mi. Alájì ló ń pè mí, bẹ́ẹ̀ n kò dé Mẹ́kà rí. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá, wúrà rẹ̀ ṣì funfun bí eérú, mákúrì kò tíì kúrò lára rẹ̀. Mo dá a padà.

"Kò mọ́. Lọ yan án."

Ó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń yan án. Mo ní àwo irin lásán ti tó, lórí iná èédú. N kò dárúkọ atẹ́gùn. Mo rò pé bí mo bá dẹ́rù bà á, á gbé wúrà rẹ̀ lọ sí ìsọ̀ ẹlòmíràn. Ojúkòkòrò ni, kì í ṣe nǹkan mìíràn. Yàrá kan ṣoṣo ló ní, ibẹ̀ náà ló sì ti ń dáná lásìkò òjò.

Ó tó ọdún méjì kí n tó rí i pé ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Kò lè tú kókó aṣọ tó fi di wúrà. Èmi ni mo bá a tú u. Ó ní dókítà bi òun bóyá òun ń fa èéfín kan símú, òun ronú títí, òun wá rántí iná wúrà.

"Alájì, ẹ̀yin náà ń yan án. Ṣé ó ṣe yín ní nǹkan kan?"

Wọ́n ní àbámọ̀ ló ń gbẹ̀yìn ọ̀ràn. Tèmi kò dúró dẹ̀yìn, ó ti dé kí n tó lanu. Síbẹ̀ mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú rẹ̀. Wọ́n dúró ṣinṣin.

"Wò ó," mo ní, "ojoojúmọ́ ni mo ń yan án."

Ó mí kanlẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sún ọmọ tó pọ̀n sókè dáadáa. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó ní òun ti fẹ́ jáwọ́ níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà.