Ògiri Tí Ìyá Onílé Ń Yá Lọ́jọ́ Ìsinmi

Mo rántí ìgbà tí ògiri kan ṣoṣo nínú ilé wa gbajúmọ̀ ju èmi àti ọkọ mi lọ. Ọdún tí àrùn lé gbogbo ayé wọlé ni. Ìjọba ti ilé ìwé pa, obìnrin tó ni ilé ìwé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ sì ní àwa olùkọ́ kò gbọdọ̀ jókòó lásán, pé orí fóònù la ó ti máa kọ́ àwọn ọmọ. Èmi àti ọkọ mi kò tíì pẹ́ tí a ṣègbéyàwó. Akọ̀wé ìjọba ni ọkọ mi ní Ìgèdè, wọ́n ti ní kí àwọn náà dúró sílé. Yàrá kan àti pálọ̀ la háyà ní Adó-Èkìtì, nínú ilé ìyá àgbàlagbà kan tí ọkọ rẹ̀ ti kú, tí ọmọ kan ṣoṣo tó bí sì wà ní Kánádà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ lórí fóònù, aṣọ tí mo fi ṣe ìdúpẹ́ ìgbéyàwó ni mo wọ̀. Mo lé àtíkè, mo wé gèlè díẹ̀. Bí mo ṣe ń ṣàlàyé ìṣirò lọ, ọmọ kan nawọ́ sókè. Inú mi dùn, mo rò pé ẹ̀kọ́ ti wọ̀ ọ́ lára. Ó ní, “Àńtí, kí ló ń ṣí lára ògiri yín bí ìpẹ́ ẹja?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ẹ̀rín àgbàlagbà náà láàárín rẹ̀, nítorí àwọn òbí jókòó tì wọ́n. Kí ilẹ̀ tó ṣú, obìnrin tó ni ilé ìwé ti pè mí. Ó ní, “Àńtí, àwọn òbí ti ń sọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tún ẹ̀yìn yín ṣe.” Mo dìde, mo kẹ̀yìn sí dígí, mo yẹ síìpù aṣọ mi wò, kò sí ohun tó ṣe é. Ọkọ mi ló là mí lóye pé ògiri ni obìnrin náà ń sọ.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, àwọn àgbà ló sọ bẹ́ẹ̀; wọn kò kàn sọ fún wa pé ìgbà kan ń bọ̀ tí a óò máa wo ògiri ká tó gbà pé tíṣà mọ ìṣirò. Ọkọ mi ní a ó kun ilé. Ó ní kò sí ìdí tí a ó fi pe kunlékunlé kankan, pé ta ni kò lè fi búrọ́ọ̀ṣì pa ara ògiri. Ìsọ̀ kan nítòsí Ọjà Ọba la ti ra agolo ọ̀dà funfun tó kéré jù àti ike àwọ̀ búlúù kan. Nígbà tó débi pípò, ọkọ mi ní òun fẹ́ kó dà bí ojú ọ̀run ní àárọ̀ ọyẹ́. Ó da àwọ̀ sí i, ó rò ó, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wò ó, ó tún da òmíràn sí i. Ohun tó jáde dà bí aṣọ ilé ìwé tí ẹ̀gbọ́n wọ̀ tó fi lé àbúrò lọ́wọ́. Nígbà tó rí i pé ọ̀dà kò ní tó, ó bu omi lé e; ó tún bu omi lé e. Mo bi í pé, “Ṣé ọ̀dà la fẹ́ fi èyí ṣe ni àbí ẹ̀kọ mímu?” Ó ní kí n lọ máa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní tèmi.

Pẹ̀lú gbogbo omi yẹn náà, ọ̀dà kò lè ká ògiri kan tán. Ni ọgbọ́n bá dé. Mo jókòó sórí àga, mo gbé fóònù síwájú mi, ọkọ mi mú ṣọ́ọ̀kì, ó ń fọwọ́ tọ ara ògiri lẹ́yìn mi. “Ṣé ó ń rí ibí?” “Ó ń rí i.” “Ibí ńkọ́?” “Kò rí ibẹ̀ mọ́.” Ó fa ilà síbẹ̀. Bí a ṣe pààlà fún ọ̀dà nìyẹn, bí ẹni ń wọn ilẹ̀ tí ẹbí ń jà sí. Ohun tí fóònù kò bá ti rí, a kò kùn ún. Ẹni tó bá wọlé wa yóò rí ògiri ńlá kan tó ti gbó, tí igun mẹ́rin búlúù kan wá dúró láàárín rẹ̀ bí àbulẹ̀ ìdí ṣòkòtò.

Ṣùgbọ́n lójú fóònù ńkọ́! Òbí kan ní ó dájú pé Àńtí ti kó lọ sí ilé tuntun. Obìnrin tó ni ilé ìwé ní kí àwọn olùkọ́ yòókù wá wo bí èèyàn ṣe ń bọ̀wọ̀ fún iṣẹ́. Èmi alára bẹ̀rẹ̀ sí í rọra sọ̀rọ̀ bí onílé. Mo ń gbàgbé pé ẹsẹ̀ mi, tí fóònù kò rí, wà nínú sálúbàtà tó ti já.

Òkìkí ògiri náà kò pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ ìyá onílé. Ọmọ Adó pọ́ńbélé ni ìyá yìí, “ulé” ló máa ń pe ilé, ó sì ti pẹ́ tó ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ olùkọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, ó wọlé tọ̀ wá wá nínú aṣọ òkè, gèlè rẹ̀ ga bí ẹni ń lọ ṣe ìyá ìyàwó, bẹ́ẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì wà ní títì pa. Ó ní, “Tíṣà, nínú gbogbo ulé yìí, ọ̀dọ̀ rẹ ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dáa jù.” Ó jókòó sórí àga mi, ó pe ọmọ rẹ̀. Èmi àti ọkọ mi bọ́ síta fún un. A gbọ́ ohùn ọmọ náà láti ọ̀dẹ̀dẹ̀: “Mọ́mì! Ẹ ti kun pálọ̀!” Ìyá dáhùn pé, “Ọlọ́run ṣeun, ọmọ mi.” Títí di òní, n kò rí irọ́ kankan tọ́ka sí nínú ìdáhùn yẹn.

Láti ọjọ́ náà, ọjọ́ Ìsinmi di ti ìyá onílé lórí àga mi. Òrùlé ilé ọ̀hún ti gbó, ọmọ yìí sì ti ṣèlérí pé òun yóò fi owó páànù tuntun ránṣẹ́ kí òjò tó dé. Lọ́jọ́ kan, ìyá jáde sí wa lọ́dẹ̀dẹ̀, ojú rẹ̀ ti le. Ó ní, “Ó ní nígbà tí ulé ti dára tó báyìí, pé páànù lè dúró di ọdún tó ń bọ̀. Ọ̀dà yín ti jẹ páànù mi!” Ọkọ mi ní, “Ìyá, ẹ ò kúkú ṣe sọ fún un pé pálọ̀ wa ni?” Ìyá wò ó tìkà-tẹ̀gbin. “Kí n wá sọ fọ́mọ mi pé mo ń yá ògiri? Láéláé!” Ó fi kún un pé bí òjò bá fi lè wọlé bá òun lọ́dún yìí, kí a yáa wá ibòmíràn gbé. Lásìkò tí àwọn onílé kì í jẹ́ kí àjèjì tẹ ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọn, ibo la fẹ́ lọ? Ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run ju àgbẹ̀ lọ. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá tún dé, gèlè lórí.

Òjò kò bá ẹnikẹ́ni ṣàdéhùn. Ọ̀sán gangan ló dé, mo sì wà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ̀kọ́ nípa bí òjò ṣe ń rọ̀ ni mò ń kọ́ wọn. N kò mọ̀ ọ́n mọ̀ yàn án. Atẹ́gùn ká páànù kan kúrò lórí wa, omi sì wá láti òkè àjà, ó gba ara ògiri. Ọ̀dà tó jẹ́ pé omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ mọ ẹbí rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ó sì bá a lọ. Àwọn ọmọ kígbe: “Àńtí, ògiri yín ń sunkún!” Mo fa fóònù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí wọ́n má rí i; wọ́n wá rí ògiri yòókù, wọ́n rí ike àti ìkòkò nílẹ̀, wọ́n rí ọkọ mi nínú síńgílẹ́ẹ̀tì tó ń gbé ọpọ́n sáré. Atẹ́gùn ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Mo pa fóònù.

Ibẹ̀ ni ìyá onílé já wọlé, omi ń kán lára rẹ̀. Ó wo ògiri tó ń ṣàn, ó jókòó sórí àga náà bó ṣe rí, láìsí gèlè, orí rẹ̀ funfun. Ó pe ọmọ rẹ̀, ó kọjú fóònù sí ògiri. Òjò ń pariwo lórí páànù, nítorí náà igbe ni wọ́n ń ké síra wọn. Kò sí bí a ṣe lè ṣe é tí a kò fi ní gbọ́.

“Wò ó! Wo ulé tó dára!”

Ọmọ náà kígbe padà. Ó ní, “Mọ́mì, mo mọ̀.”

“Kí lo mọ̀?”

“Mo mọ̀ pé kì í ṣe pálọ̀ yín. Inú ilé yẹn ni mo dàgbà sí, mo mọ ibi tí fèrèsé yín wà.”

“Kí ló wá dé tí o ò sọ?”

“Iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ mi, Mọ́mì. Owó páànù kankan ò sí. Nígbà tí mo rí ògiri tó mọ́, mo ní kí n kúkú gbà pé ilé dára.” Ó wá yí fóònù tirẹ̀ padà. Kóòtù tó máa ń wọ̀ bá ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ wà lórí ìṣó. Ibùsùn kan wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, ọkùnrin méjì mìíràn sùn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mo rò pé ìyá yóò bínú. Ó sún fóònù mọ́ ojú bí ẹni pé yóò bá a gba inú rẹ̀ wọlé. Ó ní, “O ti jẹun?” Ìyá dìde, ó gbé fóònù káàkiri ilé, láti yàrá kan sí òmíràn. Ó fi abọ́ tó gbé sórí ibùsùn hàn án, ó fi àpótí Bíbélì bàbá rẹ̀ tó fi rọ́bà bò hàn án. Nígbà tí wọ́n dé ilé ìdáná, àwọn méjèèjì ti ń rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń nu ojú.

Ìyá onílé kò bá wa sọ̀rọ̀ wíwá ilé mọ́. Ó sọ òtítọ́ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ọkọ ọ̀kan nínú wọn tó jẹ́ káfíńtà sì wá bá a kan páànù náà padà. Ọkọ mi ló ń na ìṣó sí i. Nígbà tí mo tún bá àwọn ọmọ pàdé lórí fóònù, iwájú ògiri náà ni mo jókòó sí, gbogbo ilà búlúù rẹ̀ lódindi. Ọmọ kan ní ó dà bí àwòrán odò. Mo ní kí wọ́n fi ibi tí odò kékeré ti ń wọ inú odò ńlá hàn mí, wọ́n sì fi hàn mí. Obìnrin tó ni ilé ìwé pè mí, ó ní, “Àńtí, ohun èlò ìkọ́ni yẹn dára púpọ̀!” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọmọ ìyá onílé rí iṣẹ́ mìíràn nígbà tó yá, páànù tuntun sì gun orí ilé náà. A ti kúrò níbẹ̀ báyìí. Ní ibi tí à ń gbé, ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin la kùn, ọkọ mi kò sì sún mọ́ ibi tí omi wà. Síbẹ̀ n kò lè fi ìgbà yẹn ṣẹ̀sín tán, nítorí mo rí i pé kì í ṣe nítorí àti tan ara wọn jẹ ni ìyá àti ọmọ ṣe ń kun ojú ilé fún ara wọn. Àníyàn ni wọn kò fẹ́ kó ran ẹnì kejì.

Àbúrò mi ọkùnrin wà ní Àbújá báyìí. Bó bá pè mí, aṣọ fèrèsé tó rẹwà ló máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, á sì ní kò sí ìyọnu rárá. Mo máa ń jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Lẹ́yìn náà, màá ní, “Ó dáa. Yí fóònù padà, jẹ́ kí n rí ibi tí o kọjú sí.” Á rẹ́rìn-ín, á ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára. Mo máa ń dúró dè é.