Óìlì Bíréèkì Bàbá Mi

Bàbá mi ní óìlì ni. Ó ní kì í ṣe òun, kì í ṣe ẹsẹ̀ òun, óìlì bíréèkì ló ti bàjẹ́, ìyẹn ló jẹ́ kí mọ́tò wọ gọ́tà níwájú ilé wa ní Ìsọlọ̀ lọ́sàn-án gangan, tí gbogbo àdúgbò ń wò ó. Ó sọ ọ́ fún ìyá mi, ó sọ ọ́ fún onílé, ó sọ ọ́ fún ẹni tí kò bi í léèrè. Èmi náà gbà á gbọ́, tàbí kí n sọ pé mo fẹ́ gbà á gbọ́. Tí kì í bá ṣe óìlì, a jẹ́ pé ohun tí gbogbo wa ń bẹ̀rù ni.

Àìsàn kan ló dá a dùbúlẹ̀ nígbà ọyẹ́, tí apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ò fẹ́ ṣiṣẹ́ mọ́. Dókítà ní díẹ̀díẹ̀ ni ara rẹ̀ á máa padà bọ̀ sípò. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó ti ń rìn, ó kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ kan tẹ̀lé èkejì ni, ó sì ní òun ti yá. Bàbá mi ò mọ iṣẹ́ mìíràn ju mọ́tò wíwà lọ. Òyìnbó kan ló ń wa mọ́tò fún tẹ́lẹ̀, nígbà tí òyìnbó náà sì ń lọ sílé, ó ta mọ́tò rẹ̀ fún un. Ìyẹn ló fi ń ṣe kábúkábú, tó fi ń gbé èrò láti Oṣòdì wá sí Ìsọlọ̀. Wọ́n ti ṣe mọ́tò yẹn kí ìjọba tó ní kí gbogbo wa máa gba ọwọ́ ọ̀tún, nítorí náà apá ọ̀tún ni sítíárìn rẹ̀ wà, àwọn èrò sì máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé Bàbá ń wakọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ gọ́tà. Yàtọ̀ sí òun, kò sẹ́ni tó ń jókòó sí ìjókòó awakọ̀ yẹn. Ìyá mi ò tiẹ̀ gbọdọ̀ gbé báàgì síbẹ̀.

Mẹkáníìkì tó ń bá a tún un ṣe tẹ́lẹ̀ ti di èèyàn ńlá. Owó epo ti dé, àwọn èèyàn ń ra mọ́tò tuntun bí ẹni ń ra búrẹ́dì, ta ló fẹ́ fọwọ́ kan ògbólógbòó tiwa? Ó ní ká máa bọ̀ lọ́la títí ọ̀la fi sú wa.

"Ìwọ lo máa bá mi ṣe é," Bàbá sọ fún mi.

Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, láti kékeré ni mo sì ti ń bá a wọ abẹ́ mọ́tò yẹn. Ẹnì kan ò lè dá pààrọ̀ óìlì bíréèkì. Ẹnì kan á jókòó sínú mọ́tò, á máa tẹ bíréèkì, ẹnì kejì á wà nílẹ̀, á máa tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà lẹ́yìn táyà kí óìlì àtijọ́ lè tú jáde. Èmi ni mo máa ń wà nílẹ̀.

Mo kọ́kọ́ lọ ra óìlì ní Oṣòdì. Inú ìgò ọtí ni wọ́n rọ ọ́ sí, wọ́n fi ọ̀rá dí i lẹ́nu. Mo ní kí ọkùnrin tó ń tà á kán díẹ̀ sínú omi, ló bá léfòó. Óìlì ẹ́ńjìnnì lásán ni, èyí tó máa mú gbogbo rọ́bà inú bíréèkì wú. Ọkùnrin náà ní, "Àǹtí, kí lobìnrin fẹ́ fi bíréèkì ṣe?" Ohun tí mo fi dá a lóhùn ò ṣeé kọ síbí. Apákun ni mo ti wá rí ojúlówó, nínú agolo tẹ́nikẹ́ni ò tíì ṣí. Mo kán an sínú omi lójú Bàbá, omi gbà á, kò sí nǹkan kan tó léfòó. Ó fìka kàn án, ó fi ra ọwọ́, ó gbóòórùn rẹ̀.

"Èyí gan-an ni," ó ní. Láti ìgbà àìsàn yẹn, mi ò rí i kó rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rín náà dùn mí.

Ní àárọ̀ Sátidé, mo fi aṣọ fa óìlì àtijọ́ kúrò nínú ike rẹ̀ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dúdú bí omi àgbo, mo sì rọ tuntun sí i. Bàbá jókòó sáàyè rẹ̀. Mo wọ abẹ́ mọ́tò.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Mo ti tẹ̀ ẹ́."

Mo tú nọ́ọ̀tì. Óìlì kán tó, ó dáwọ́ dúró. Nígbà tí ara Bàbá le, ńṣe ló máa ń tú pùú sí mi lójú, tí mo máa ń pariwo. Mo ní bóyá ìdọ̀tí ló dí i. Mo fi wáyà ro ó, mo dé e padà, mo tún lọ sí táyà mìíràn.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa."

"Mo ní mo ti tẹ̀ ẹ́! Ṣé adití ni ẹ́?"

Inú bí mi. Mo dé nọ́ọ̀tì náà padà, mo jáde, ọ̀rọ̀ ti kún ẹnu mi, mo sì yọjú wo inú mọ́tò. Bàbá fi ọwọ́ méjèèjì di orúnkún rẹ̀ mú, ó ń tì í sísàlẹ̀, ó ń làágùn. Ẹsẹ̀ náà kàn wà lórí bíréèkì ni.

Mo ní kó jẹ́ kí n tẹ̀ ẹ́ wò. Mo rò pé ó máa jágbe mọ́ mi, ṣùgbọ́n ó wọ́ra rẹ̀ sún sí ìjókòó kejì. Mo jókòó sáàyè rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Mo tẹ bíréèkì. Ó le koko lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, kò rì, kò yọ̀. Kò sóhun tó ṣe mọ́tò náà.

Bàbá ń wo ẹsẹ̀ mi.

"Óìlì yìí náà ò dáa," ó ní. "Padà lọ bá mi wá òmíràn."

"Kò dáa lóòótọ́, Bàbá," mo ní.

Mo fọ ọwọ́ mi, mo gba ọ̀nà Apákun lọ.