Ìjọba Bi Mí Pé Ìyá Mélòó Ni Mo Ní

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ sún mọ́bí, ẹ wá gbọ́ bí mo ṣe fẹ́rẹ̀ẹ́ di òpùrọ́ lójú ìjọba Canada nítorí ìyá mi. Ìyá mi wo? Ẹ ṣe sùúrù. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀!

Màmá Fẹ́mi ni mò ń pè ní Mummy. Láti ayé ìjọba ológun, nígbà tí wọ́n sá kúrò ní Nàìjíríà, Rexdale ní Canada níbí ni wọ́n ń gbé. Ọdún tí mo wá kàwé, yàrá tí mo ti sanwó rẹ̀ láti Ìbàdàn kò sí níbì kankan. Àdírẹ́sì tí agent fún mi, ṣọ́ọ̀bù táyà ló wà níbẹ̀! Mo wọ́ àpótí méjì wọ bọ́ọ̀sì nínú òtútù January, mo wá ń gbé agent yẹn ṣépè lórí fóònù, ní Yorùbá, tohùntohùn. Mo rò pé kò sẹ́ni tó gbọ́. Àṣé ìyá kan jókòó sẹ́yìn mi. Wọ́n fọwọ́ kàn mí léjìká, wọ́n ní, "Èpè yẹn ti tó, ọmọ mi. Ṣé o ti jẹun?"

Wọ́n ní kí n wá sùn sọ́dọ̀ àwọn títí di Sunday. Sunday yẹn ti di ọdún mẹ́fà báyìí o!

Ìyá tó bí mi wà ní Ìbàdàn, ara wọn le, a dúpẹ́. Àwọn ìyá méjèèjì máa ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù ní gbogbo Sátidé, wọ́n á máa fẹjọ́ mi sun ara wọn. Pé mi ò kì í jẹun lásìkò. Pé ẹnu mi ti pọ̀ jù. Irọ́ kọ́, ẹ mọ̀ mí.

Ìgbà òtútù tó kọjá, Mummy ṣubú ní kíṣìnì. Stroke ni. Ọlọ́run yọ wọ́n, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà ní wọn ò gbọdọ̀ dá wà nínú ilé rárá. Bọ̀dá Fẹ́mi, ọmọ kan ṣoṣo tí Mummy bí, wá láti Calgary, wọ́n lo ọ̀sẹ̀ méjì, iṣẹ́ sì ń pè wọ́n padà. Bọ̀dá Fẹ́mi fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní tí kò bá sẹ́ni tó máa wà nílé, ilé àwọn arúgbó ló kù. Àṣé Mummy ń gbọ́ wa. Wọ́n kàn kọjú sí fèrèsé. Ó dùn mí dé egungun.

Ilé arúgbó kẹ̀? Mummy tí oúnjẹ tí kò láta kò lè wọ ọ̀nà ọ̀fun wọn? Tí èmi sì wà láyé? Ká má rí i!

Mo ń ṣiṣẹ́ ní warehouse kan ní Milton. Ibẹ̀ ni ẹnìkan ti sọ fún mi pé téèyàn bá fiṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́jú ará ilé rẹ̀ tí àìsàn ńlá kọ lù, EI, ètò ìjọba tó ń sanwó fẹ́ni tí kò sí lẹ́nu iṣẹ́, lè máa sanwó fún un títí dé ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe gbogbo owó iṣẹ́ ẹni o, ó kàn lé díẹ̀ ní ìdajì. Èmi tí mo rò pé àwọn tí wọ́n lé níṣẹ́ nìkan ló ń gba EI! Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé tí mo bá so ìgbànú mọ́dìí, rent á jáde. Tí EI ò bá sì gbà, mo gbọ́dọ̀ padà síṣẹ́ nìyẹn, ilé arúgbó sì ni fún Mummy.

Dókítà buwọ́ lu ìwé tiẹ̀. Ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ fún mi láyè ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ń dáhùn ìbéèrè. Wọ́n ní kí ni aláìsàn yìí jẹ́ sí mi. Mo tẹ "Mother." Mi ò tiẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀yin náà ẹ sọ, kí ni ǹ bá tẹ̀?

Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà ni òṣìṣẹ́ EI kan pè mí. Obìnrin ni, ohùn rẹ̀ tutù. Ó ní orúkọ ìyá mi tó wà nínú ìwé tí mo fi gba SIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ òṣìṣẹ́, yàtọ̀ sí orúkọ tó wà lórí ìwé dókítà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ìyá mi nìyẹn, ìyá mi náà nìyí. Ó wá béèrè, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ o, pé ìyá mélòó gan-an ni mo ní.

Ṣé ẹ mọ ohun tí èmi òmùgọ̀ ṣe? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n! Mo ka ìyá tó bí mi. Mo ka ẹ̀gbọ́n wọn tó wẹ̀ mí nígbà tí wọ́n bí mi. Mo ka ìyàwó ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó rán mi lọ sí ṣúkúù. Mo ti fẹ́ dé orí ìyá ìjọ wa kí n tó gbọ́ pé obìnrin yìí ń tẹ kọ̀ǹpútà, tẹ̀ tẹ̀ tẹ̀. Àyà mi já! Mo rántí pé wọ́n kọ ọ́ sórí fọ́ọ̀mù yẹn pé ẹni tó bá parọ́ á jìyà.

Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí, ìbínú ni mo máa ń sá sí. Mo gbaná jẹ. Mo ní ẹni tó gbà mí sílé nígbà tí mi ò lẹ́nìkan, tó se oúnjẹ fún mi, tó ń dúró dè mí tí mo bá pẹ́ níbi shift, kí ló wá kù tí kò fi jẹ́ ìyá? Obìnrin náà jẹ́ kí n rojọ́ mi tán, Ọlọ́run bù kún un. Ó ní òun ò pe ẹnikẹ́ni ní òpùrọ́. Ó ní òfin fàyè gba ẹni tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ kan náà, bí aláìsàn bá kà á sí ará ilé rẹ̀. Fọ́ọ̀mù ọ̀tọ̀ wà fún ìyẹn, kí n tètè fi ránṣẹ́. Àmọ́ o, èmi kọ́ ni màá sọ ọ́. Aláìsàn fúnra rẹ̀ ló máa buwọ́ lù ú.

Ó yẹ kínú mi dùn, àbí? Inú mi ò dùn. Ẹ̀rù ló bà mí.

Ẹ gbọ́ mi yé. Ṣé kí n gbé ìwé lọ bá ìyá tára wọn ò yá, kí n ní Mummy, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọmọ yín ni mí? Tí wọ́n bá rò pé owó ni mò ń wá ńkọ́? Tí Bọ̀dá Fẹ́mi bá ní mo ń fi àìsàn ìyá àwọn jẹun ńkọ́? Ká sòótọ́, ọmọ ọlọ́mọ ni mí. Mo tẹ fọ́ọ̀mù náà jáde, mo tì í sábẹ́ àpò ìrẹsì. Ọjọ́ mẹ́ta! Tí mo bá ti lanu láti sọ ọ́, ohun tó máa jáde ni, "Mummy, ṣé kí n po tíì?" Wọ́n mu tíì títí tíì sú wọn.

Lọ́jọ́ kẹta, ọ̀gá mi pè, àyè tó fún mi ti ń parí, ó fẹ́ mọ̀ bóyá màá wọṣẹ́ ní Monday. Kò síbi tí mo tún fẹ́ sá sí. Mo fa fọ́ọ̀mù yọ, mo gbé e fún wọn.

Mummy béèrè awò ojú wọn. Wọ́n kà á, wọ́n tún un kà, ètè wọn ń mì. Wọ́n ní ta ló kọ ọ́. Mo ní ìjọba ni. Wọ́n ní ìgbà wo ló dé. Mo ní ó ti pé ọjọ́ mẹ́ta. Wọ́n bá yọ awò ojú.

"Bùkọ́lá. Ọjọ́ mẹ́ta lo fi ń rò ó pé kí ni mo máa sọ?"

Mo ní, "Mummy, mo kàn rò pé..."

"O rò kí ni? Lọ́jọ́ tí mo mú ẹ kúrò nínú bọ́ọ̀sì, ìwé wo ni mo buwọ́ lù? Ta ni mo gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹ̀?"

Mo kúnlẹ̀, mo bú sẹ́kún. Ẹkún tí mi ò rí sun lọ́jọ́ tí wọ́n ṣubú, gbogbo ẹ̀ ló jáde. Wọ́n jẹ́ kí n sun ún díẹ̀, wọ́n wá ní kí n dìde lọ mú bírò wá, àbí ẹkún ló máa buwọ́ lùwé?

Mo fẹ́ bá wọn di ọwọ́ mú, wọ́n gbá ọwọ́ mi dànù. Wọ́n ní àwọn ni ìjọba bi, kì í ṣe èmi. Ọwọ́ òsì ni wọ́n fi kọ ọ́. Ó pẹ́, òógùn bò wọ́n. Orúkọ wọn kúrò nínú àpótí tó yẹ kó wà, ó wọ́ lọ sí ibi tí wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má kọ nǹkan sí. Mi ò tíì rí ohun tó rẹwà tó ìkọ̀wé yẹn rí.

Mo pe Bọ̀dá Fẹ́mi kí wọ́n má baà gbọ́ ọ níta. Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, mo ń retí kí wọ́n bú mọ́ mi. Àṣé Bọ̀dá Fẹ́mi ń sunkún. Wọ́n ní ojú ń ti àwọn ni, pé ohun tó yẹ káwọn máa ṣe lèmi ń ṣe. Èmi tí mo ń bẹ̀rù wọn!

Mo fi fọ́ọ̀mù náà ránṣẹ́, lẹ́tà EI sì dé. Wọ́n ti gbà! Mo ka lẹ́tà náà sí Mummy létí, mo ń jó káàkiri pálọ̀. Wọ́n fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún," ni wọ́n wí. "Ìyẹn ni pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìjọba fún ẹ láti fi ṣe ọmọ mi. Tó bá pé ńkọ́?"

Mo ní tó bá pé, màá máa ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín! Ẹ̀rín àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣubú. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu wọn ló rẹ́rìn-ín, ó sì tó mi.

A ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án báyìí. Mummy ti ń fi walker rìn dé ilé ìwẹ̀. Bọ̀dá Fẹ́mi ti gbàṣẹ lọ́dọ̀ ọ̀gá wọn láti wá máa ṣiṣẹ́ látibí nígbà tí leave mi bá parí. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ ilé arúgbó.

Nítorí náà, ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń tọ́jú èèyàn, ẹ béèrè nípa EI yìí o. Ẹ ka fọ́ọ̀mù dáadáa kẹ́ ẹ tó tẹ nǹkan, ẹ má ṣe bíi tèmi. Bẹ́ni náà kò bá tiẹ̀ bí yín, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí, àyè wà fún irú wa. Pabanbarì rẹ̀, ẹ má máa bá ẹni tó fẹ́ràn yín ro èsì tí kò tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi jìyà lásán!

Ẹ̀yin ńkọ́? Ta ló gbà yín sílé nígbà tẹ́ ẹ dé ìlú yìí? Ta lẹ ti fiṣẹ́ sílẹ̀ tọ́jú rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, màá kà á fún Mummy.

Ẹ jẹ́ n sáré dìde. Wọ́n ti ń pariwo láti pálọ̀ pé ìjọba ò fún mi ní leave kí n máa tẹ fóònù, pé àsìkò àwọn ni mò ń fi ṣeré!