Bí Mo Ṣe Pọn Kẹ́ẹ̀gì Omi Gun Òkè Lúúrà

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ ní Bundung, àdúgbò tí à ń gbé ní Gáńbíà, nígbà tí Modúpẹ́ fi àpò mi kọ́ òṣùwọ̀n ẹja, ó gbé e sókè lábẹ́ iná ẹnu ọ̀nà, ó sì pòṣé. Lọ́wọ́ àwọn ẹlẹ́ja ló ti yá òṣùwọ̀n náà wá. Ó ní, "Tísà, àpò yìí ti wúwo ju ti àná lọ. Kí lo kó sí i?" Mo mọ ohun tó fà á. Kẹ́ẹ̀gì òróró aláwọ̀ òfeefèé kan ló wà níbẹ̀, omi kún un dé ọrùn, ìyá ọkọ mi tó ni ín sì dúró lẹ́yìn wa, ó ró ìbora mọ́ra, ó ń wò wá bí ẹni tó ń ṣọ́ ọbẹ̀ lórí iná.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀, odò àti òkè ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní Banjul, ní ilẹ̀ tó jẹ́ pé bí ẹ bá gorí òkìtì yanrìn, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gun òkè tó ga jù níbẹ̀ tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ti bi mí bóyá mo ti gun òkè gidi rí. Ìyẹn ló mú kí èmi àti Modúpẹ́, tí a jọ jẹ́ olùkọ́, forí lé Òkè Lúúrà ní ilẹ̀ Gínì lọ́dún tó kọjá. Mo di ẹrù bí ẹni tó ń lọ ṣe Kérésì nílùú: ìkòkò, iṣu méjì, ìbora tó nípọn, súwẹ́tà olówùú méjì lọ́rùn. Òógùn rin wọ́n gbingbin, atẹ́gùn fẹ́ lù mí, mo ń gbọ̀n bí ewé, mo sì yí padà ní ìdajì ọ̀nà. Ìyá gbọ́, ó ní, "Òkè ọ̀hún ò gbà ọ́." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé egungun. Wọ́n sì ti ní kí ọkọ mi padà sẹ́nu iṣẹ́ ní Nàìjíríà lọ́dún tó ń bọ̀. Bí n kò bá dé orí òkè yìí lọ́tẹ̀ yìí, ó parí nìyẹn.

Akú ni Modúpẹ́, ọmọ àwọn tí baba ńlá wọn ti Freetown wá. Orúkọ rẹ̀ jọ tiwa, àmọ́ èdè rẹ̀ kò jọ tiwa àfi ní ìdí àkàrà àti ìkíni, nítorí náà mò ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún yín ni. Ó ti kàwé rí ní ilẹ̀ tí yìnyín ti ń bo òkè. Ó ní àwọn kan níbẹ̀ máa ń so pákó gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ẹsẹ̀, wọn á fi agbára ara wọn gun òkè yìnyín, wọn á wá máa yọ̀ bọ̀ wálẹ̀ fìrìì. Sikí ni wọ́n ń pè é. Wọ́n kórìíra ẹrù débi pé wọ́n máa ń gé ìdajì igi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín sọnù. Mo rò pé ó ń parọ́ ni, àfi ìgbà tí mo rí ti òun náà tó ti gé. Campama, àdúgbò kan ní Banjul, ló ń gbé, níbi tí omi òjò ti ń wọlé bá wọn lọ́dọọdún. Ẹni tí omi ń lé jáde nílé kò nílò olùkọ́ kó tó mọ ohun tó yẹ ní gbígbé.

Òun ló mú mi lọ sí Ọjà Albert, sí ìdí àwọn tó ń ta òkìrìkà. Fúgú-jáì ni wọ́n ń pè é níbí. Èdè Wolof ni, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé kí o gbọ̀n ọ́n kí o tà á. Ẹ mọ̀ pé nílé wa, aṣọ tó wúwo ni aṣọ. A ó fọwọ́ pa á, a ó ní, "Èyí nípọn!" Modúpẹ́ ń ju gbogbo èyí tó nípọn sẹ́yìn. Ọ̀gbẹ́ni tó ń tajà di orí mú. Ó ní, "Madam, ọmọ Nàìjíríà yín yìí ńkọ́? Àwọn kì í ra aṣọ tó fẹ́lẹ́."

Modúpẹ́ ní aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mẹ́ta dára ju ẹyọ kan tó nípọn lọ, torí a lè bọ́ ọ̀kan nígbà tí ara bá gbóná ká tó làágùn. A rí èyí tí wọ́n fi irun àgùntàn hun fún abẹ́. A rí èyí tó múlọ́múlọ́ bí ara ọmọ adìyẹ fún àárín. Ti òkè ló pẹ́ ká tó rí: jákẹ́ẹ̀tì sikí aláwọ̀ ewé, ó fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, síbẹ̀ mo fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò gbà kọjá. Ọ̀gbẹ́ni náà pè é ní ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta dálásì, a sì rà á ní igba. Modúpẹ́ wá kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ mú ohunkóhun tí wọ́n fi òwú ṣe, òwú ló ṣe mí lọ́ṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Mo gbà. Ṣùgbọ́n mo fi ìró àǹkárá kan pamọ́ sí ìsàlẹ̀ àpò. Obìnrin wo ló ń kúrò nílé láìmú ìró?

Àṣírí ìrìn àjò náà ló wá tú ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ wá: Yorùbá kì í gun òkè torí kó lè wo òkè. Ẹni tó bá gun òkè, àdúrà ló lọ gbà. Kí n tó sọ pé rárá o, ìran ni mo fẹ́ lọ wò, wọ́n ti ń gbé omi wá kí n bá wọn gbàdúrà sí i lórí òkè. Modúpẹ́ bẹ̀ wọ́n títí wọ́n fi gbà láti lo ìgò oògùn kéékèèké. Ìyá nìkan ni kò gbà.

"Mama, a beg, di wata ebi," ni Modúpẹ́ wí ní ẹnu ọ̀nà ní òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìyá bi mí pé, "Kí ló ní?"

"Ó ní omi yín wúwo, Màmá."

"Ṣé omi ló wúwo, àbí ọ̀lẹ ló ń ṣe é? Ìyàwó mi, gbé e, jàre."

"Màmá, kí ni kí n wá bá yín bèèrè sí i?"

"Ìyẹn ò kàn ọ́. Ṣáà gbé e dé góńgó, kí o ní ohun tí mo bèèrè náà nìyẹn. Ọlọ́run gbọ́ Yorùbá."

Mo gbé e.

Ní gárééjì Brikama a wọ mọ́tò elérò méje lọ sí Basse, ní ìpẹ̀kun Gáńbíà. Dírẹ́bà gbé àpò mi, ó bi mí ohun tó wà níbẹ̀. Mo ní omi. "Omi? O ń gbé omi lọ sí Fúta?" Fúta ni wọ́n ń pe ilẹ̀ olókè tí à ń lọ, odò ló sì kún ibẹ̀. Dírẹ́bà rẹ́rìn-ín títí, gbogbo ibi tí a bá sì ti dúró ló ti ń sọ ọ́ fún àwọn ọlọ́pàá. Ní Basse a jẹ dómódà, ìyẹn ìrẹsì tí wọ́n da ọbẹ̀ ẹ̀pà kíki lé. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ gbẹ̀gìrì lójú, àmọ́ ó dùn ju bó ṣe rí lọ. Láti ibẹ̀ a gba Vélingara ní Sẹ̀nẹ̀gà kọjá dé Kundara ní Gínì, eruku pupa sì kùn wá bí osùn. Ọkọ̀ Landrófà ogbó kan ló gbé wa gun òkè láti Kundara. Nígbàkígbà tí ọ̀nà bá dàgùn, gbogbo wa á bọ́ sílẹ̀, a ó máa fẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e. Ó dà bí ẹni pé owó àtimáa wo ọkọ̀ náà ni a san, kì í ṣe owó àtiwọ̀ ọ́.

Máàlì ni wọ́n ń pe ìlú tó wà lẹ́bàá òkè náà. Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Máàlì o. Nẹ́nẹ́ Kadiatou, obìnrin ará ibẹ̀ kan, ló gbà wá sílé. Nẹ́nẹ́ ni ìyá ní èdè Fúlàní ibẹ̀. Ó fún wa ní fóníò, ọkà wínníwínní tí àwọn ará Jọ́ọ̀sì ń pè ní áchà, ó da wàrà kíkan sí i. Òtútù ibẹ̀ kì í ṣe eré. Nígbà tó rí kẹ́ẹ̀gì, ó ní, "Ṣé omi wa lẹ gbé padà wá fún wa?" Òótọ́ ló sọ. Àárín àwọn òkè wọ̀nyí ni Odò Gáńbíà ti ń ṣàn wá sí Banjul. Èmi fúnra mi ló ń fi í kọ́ ọmọ ọlọ́mọ.

Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kejì a bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè. Aṣọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe bí Modúpẹ́ ti wí. Bí ara bá gbóná mo bọ́ ọ̀kan, bí atẹ́gùn bá dé mo wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé, inú mi ń dùn bí ọmọ tó wọ aṣọ ọdún. Ṣùgbọ́n nígbà tí a dé ibi àpáta tí mo ti yí padà lọ́dún tó kọjá, mo dúró. Kẹ́ẹ̀gì náà ń mì nínú àpò, ó ń fà mí sẹ́yìn. Mo jókòó. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Modúpẹ́ ní, "Dà á nù. Omi ń bẹ nílé Nẹ́nẹ́, a ó pọn òmíràn bọ̀. Ta ni yóò mọ̀?"

Èmi ni yóò mọ̀. Mo fẹ́ dé orí òkè yẹn bí mo ṣe fẹ́ mí èémí, ṣùgbọ́n àgbàlagbà ló fọkàn tán mi. Mo dìde, mo kó oúnjẹ, bàtà ìpààrọ̀ àti gbogbo ohun ìní mi sábẹ́ àpáta pẹ̀lú àpò náà. Mo kó àwọn ìgò kéékèèké sínú àpò jákẹ́ẹ̀tì. Mo fa ìró àǹkárá mi yọ, Modúpẹ́ sì la ojú sílẹ̀.

"Òwú!" ló ké.

"Òwú ni," mo ní. "Bá mi gbé e lé mi lẹ́yìn."

Mo pọ̀n ọ́n bí ọmọ, mo dì í mọ́ra pinpin, mo sì ṣẹ́ etí ìró sí àyà. Ẹ gbà mí gbọ́, ìwúwo náà dín kù. Omi kò mì mọ́. Àwọn obìnrin Fúlàní kan tó ń lọ ṣẹ́gi pàdé wa, ọ̀kan na ọrùn wo ẹ̀yìn mi láti mọ̀ bóyá ọmọ ọkùnrin ni tàbí obìnrin. Nígbà tó rí ìdérí kẹ́ẹ̀gì, igi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lórí rẹ̀ fún ẹ̀rín.

Báyìí ni mo ṣe dé orí Òkè Lúúrà. Ìsàlẹ̀ lọ jìnnà réré, òkè ń tò tẹ̀ lé òkè, ojú mi sì kún fún omi. Mo dárúkọ àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní ti kẹ́ẹ̀gì, mo kàn sọ ohun tí Ìyá ní kí n sọ. Modúpẹ́ náà ṣe àmín.

Nígbà tí a padà dé Bundung, Ìyá wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo kúnlẹ̀ kí i, mo gbé kẹ́ẹ̀gì kalẹ̀. Kò bi mí bóyá mo dé ibẹ̀. Ó ṣí i, ó bu ife kan, ó sì nà án sí mi.

"Màmá, tiyín ni."

"Mu ún. Tìẹ ni. Mo ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí òkè yẹn gba ìyàwó mi lọ́tẹ̀ yìí."

"Háà, Màmá! Omi yìí gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi padà lọ́nà!"

"Ó sì dá ọ padà?"

"Rárá, mà."

"Ṣé o rí i pé àdúrà gbà," ni Ìyá wí, ó sì bu ìkejì fún Modúpẹ́.

Ohun tí ìrìn àjò náà kọ́ mi ni pé kí n máa dín ẹrù mi kù, kí àyè lè wà lẹ́yìn mi fún ti ẹni tó fẹ́ràn mi.