"A dúpẹ́" ò wo orúnkún Màámi sàn

Dókítà obìnrin kan ká irọ́ mọ́ Màámi lẹ́nu lónìí, inú mi sì dùn gan-an!

Àwọn dókítà ń ṣèwádìí ní Òkìtìpupa níbí bóyá oògùn oníkápúsù kan ń wo oríkèé ríro sàn. Ọ̀rá kan tó wà nínú ẹyin àti ẹ̀pà ni wọ́n fi ṣe é. Màámi wà lára àwọn tó ń lò ó.

"Mà, orúnkún yín ńkọ́?"

"A dúpẹ́, dókítà mi. Ìrora náà ti lọ."

Irọ́! Èmi ni mo gbé wọn sọ̀kalẹ̀ látorí ọ̀kadà.

Dókítà ò kọ nǹkan kan. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde."

Màámi di tábìlì mú: "Yéè!"

"Mà, tí mo bá kọ 'a dúpẹ́' sílẹ̀, ìyá ẹlòmíràn ló máa gbé irọ́ mì."

Màámi jókòó padà. "Ó ń dùn mí, ọmọ mi."

Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu wọn rí.

Ẹ lọ wo ìyá yín. Tí wọ́n bá ní "a dúpẹ́", ẹ ní kí wọ́n dìde, kí ẹ wá sọ ohun tẹ́ ẹ rí fún mi.