Bọ́tìnnì Tí Kò Sí Lára Píánò

Ní Mowe, bí òbí bá ní òun fẹ́ kí ọmọ òun mọ kíbọ́ọ̀dù tẹ̀, ọ̀dọ̀ Akínọlá ni wọ́n máa júwe fún un. Ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n fọ́ ògiri àárín wọn di ọ̀kan ni ibi iṣẹ́ rẹ̀: kíbọ́ọ̀dù mẹ́rin, àwọn àga oníke, àti òrùlé páànù tí kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ ohun tí ẹnìkejì ń sọ bí òjò bá dé. Ó kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri ìta pé láàárín oṣù mẹ́ta, ọmọ á máa tẹ dùùrù fún ìjọ. Ẹ má pè é ní onírọ́ o. Oṣù mẹ́ta ọ̀hún á pé lóòótọ́, ọmọ á jókòó sídìí kíbọ́ọ̀dù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, ìyá rẹ̀ á bọ́ sójú agbo, ijó á bẹ̀rẹ̀. Kí ni òbí tún ń wá?

Ohun tí Akínọlá kò kọ sára ògiri ni bí oṣù mẹ́ta ṣe ń tó. Nínú àwọn eyín tó tò lára kíbọ́ọ̀dù, àwọn funfun nìkan ló ń kọ́ wọn. Orin yòówù kó jẹ́, ojú kan náà ni ìka wọn máa ń wà. Bí akọrin bá gbé orin ga ju ibẹ̀ lọ, tàbí tó gbé e wálẹ̀, bọ́tìnnì kékeré kan wà lára kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ń pè ní tránsípóòsì. Ọmọ á tẹ bọ́tìnnì yìí, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á gbé ohùn lọ bá akọrin níbi tó wà, ìka ọmọ kò sì ní kúrò lójú ibi tó mọ̀. Àwọn eyín dúdú á wà níbẹ̀ bí àlejò tí ẹnikẹ́ni kò kí.

Kì í ṣe ahun ló mú kó fi ìyókù pamọ́ fún wọn. Òun náà kò mọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ifo ni wọ́n bí i sí, ọmọ káfíńtà ni. Nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ẹ̀yìn ọkùnrin tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ìjọ wọn ló máa ń dúró sí lẹ́yìn ìsìn. Ọkùnrin náà kì í kọ́ ẹnikẹ́ni, kí wọ́n má baà gba ipò mọ́ ọn lọ́wọ́. Ojú ni Akínọlá fi jí i kọ́. Ohun tí ojú rí náà ló ti ń jẹ láti ọgbọ̀n ọdún. Nígbà kan ó ra ìwé pé kóun kọ́ ìyókù, àmọ́ orúkọ rẹ̀ ti di Ọ̀gá nígbà náà. Ta ló máa rí Ọ̀gá tó ń kọ́ á-bí-dí?

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni Morádéyọ̀ nígbà tí ìyá rẹ̀, tó ń rán kọ́tìn fèrèsé ní Ibafo, mú un wá. Akínọlá kò tíì rí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rí. Bí tírélà bá fun fèrè lójú títì, Morádéyọ̀ á na ìka kan, á tẹ ohùn fèrè náà gẹ́lẹ́ lórí kíbọ́ọ̀dù. Ọmọkùnrin méjì ni Akínọlá bí, kò sí èyí tó bìkítà fún orin nínú wọn, nítorí náà gbogbo ohun tí ì bá fún wọn, Morádéyọ̀ ló kó o fún. Ó fẹ́ràn ọmọ náà dénú.

Nígbà tí ọmọ pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ìyá rẹ̀ gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ orin kan ní Èkó fẹ́ mú ọmọ márùn-ún, kí wọ́n kọ́ wọn lọ́fẹ̀ẹ́ títí tí wọ́n á fi wọ yunifásítì. Oṣù méjì gbáko ni Akínọlá àti Morádéyọ̀ fi múra sílẹ̀. Ìgbà kan wà tó sọ sí Akínọlá lọ́kàn pé, bó bá jẹ́ píánò gidi ni wọ́n ní níbẹ̀ ńkọ́? Ó gbá èrò náà dànù. Èmi ò lè gbè é níbi tọ́rọ̀ dé yìí, nítorí ó mọ̀, ó sì dákẹ́.

Píánò gidi ni wọ́n ní. Onígi dúdú, ó ń dán, kò sí wáyà kankan lára rẹ̀. Akínọlá àti ìyá ọmọ jókòó lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Morádéyọ̀ jókòó sídìí píánò, ó tẹ orin tó múra rẹ̀ wá, àwọn mẹ́ta tó ń dán àwọn ọmọ wò sì gbójú sókè. Àní ọ̀kan fi pẹ́ńsù rẹ̀ sílẹ̀. Ìyá ọmọ di ọwọ́ Akínọlá mú.

Ni obìnrin orí-ewú tó wà láàárín àwọn mẹ́ta náà bá pe ọmọbìnrin kékeré kan wá. Ó ní kó kọ orin kan náà, kí Morádéyọ̀ máa tẹ̀ ẹ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ náà kọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ká a.

"Ó ga jù fún un," obìnrin náà wí. "Gbé e wálẹ̀ díẹ̀."

Morádéyọ̀ na ọwọ́ sókè ibi tí bọ́tìnnì máa ń wà. Igi ló bá níbẹ̀. Ó wo apá ọ̀tún, ó wo apá òsì, ó bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo ni tránsípóòsì wà?"

Ẹ̀rín bú láàárín àwọn ọmọ tó ń dúró de tiwọn. Obìnrin náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó gbé ìka kúrò níbẹ̀, kó tẹ̀ ẹ́ níbòmíràn. Morádéyọ̀ gbìyànjú. Ohun tó jáde kò ṣeé gbọ́ sétí. Ó tún gbìyànjú, omi ti wà lójú rẹ̀, ó wá gbé ọwọ́ lé itan.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

Morádéyọ̀ kò wo ẹ̀yìn rárá.

"Kò sẹ́nì kankan, mà. Mo kàn kọ́ ọ fúnra mi ni."

Àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì dá ṣáṣá, ohùn rẹ̀ kò há, orí ọmọ sì wọ́ lójú rẹ̀ kòrókòró. Kò dìde. Wọn kò mú Morádéyọ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wọn padà, ìyá ọmọ kọjú sójú fèrèsé títí wọ́n fi dé Ibafo.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ kún ṣọ́ọ̀bù. Alhaji Zubair, tó ń ta páànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, jókòó, ó ń dúró de Hanifah ọmọ rẹ̀. Ìyá Morádéyọ̀ wọlé, ó di ọmọ rẹ̀ lápá mú.

"Ọ́ńkù Akin, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá àwọn ọmọ yìí dúró díẹ̀. Ìwọ, kúnlẹ̀!"

Morádéyọ̀ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì.

"Ọdún mẹ́fà lẹ fi kọ́ ọ! Ó wá dúró níwájú àwọn èèyàn ńlá, ó ní ẹnì kankan ò kọ́ òun. Ojú tì mí, mi ò lè sọ̀rọ̀. Bẹ̀ wọ́n! Bẹ̀ wọ́n kí orí wọn má bá ẹ jà!"

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ni Morádéyọ̀ wí, "ẹ forí jì mí."

"Ọ̀gá, ẹ fi ti Ọlọ́hun ṣe é," Alhaji Zubair dá sí i. "Ọmọdé ni. Ẹ forí jì í."

Ọ̀nà àbáyọ rèé tó là gbàràgàdà níwájú Akínọlá. Kó sáà ti ní "kò burú, dìde, Ọlọ́run á bù kún ẹ," ọ̀rọ̀ parí, orúkọ rẹ̀ ò ní bàjẹ́, iṣẹ́ rẹ̀ á máa lọ. Ó la ẹnu láti sọ ọ́. Ó wo orúnkún ọmọ náà lórí sìmẹ́ńtì, ọ̀rọ̀ náà sì kọ̀, kò jáde. Ìtìjú tó mú un lọ́jọ́ náà ju èyí tó sá fún ní Èkó lọ.

"Dìde, Déyọ̀. Èmi ló yẹ kí n kúnlẹ̀." Ó kọjú sí ìyá ọmọ. "Mọ́mì Déyọ̀, ibi tí ọmọ yín ti kọsẹ̀ yẹn, èmi náà ò mọ̀ ọ́n rìn. Bí wọ́n bá gbé èmi gan-an sídìí píánò yẹn, bọ́tìnnì lèmi náà máa wá."

"Ẹ̀yin kẹ̀? Ẹ̀yin tí gbogbo Mowe ń pè ní Ọ̀gá?"

"Èmi ni. Ohun tí mo mọ̀ ni mo kọ́ ọ, kò sì tó. Èmi ni mo rán an lọ sójú ẹ̀sín. Mo wà níbẹ̀, mo sì dákẹ́."

Obìnrin náà wá àga, ó jókòó. Alhaji Zubair ti dìde ní tirẹ̀.

"Ṣé báyẹn náà lẹ ṣe ń kọ́ Hanifah?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alhaji."

Morádéyọ̀ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. "Mo mọ̀, sà," ó wí.

"O mọ kí ni?"

"Mo mọ̀ pé ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ó ti pẹ́. Ọjọ́ tí bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù ńlá bàjẹ́, tí ẹ ní orí ń fọ́ yín, tí ẹ ní ká máa lọ sílé. Mo mọ̀ láti ọjọ́ yẹn."

"Kí ló wá dé tí o ní kò sẹ́ni tó kọ́ ẹ? Ò bá ti pè mí lórúkọ."

"Wọ́n ti fi èmi rẹ́rìn-ín tán, sà. Mi ò fẹ́ kí wọ́n fi ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín."

Akínọlá fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú níwájú gbogbo wọn, kò tilẹ̀ bìkítà láti díbọ́n pé ekuru ni. Ó mú bébà, ó kọ nọ́ńbà obìnrin kan tó ń jẹ́ Adéyẹ́misí, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní píánò ní Akute. Àìmọye ìgbà ló ti fi obìnrin náà ṣẹ̀sín pé ó ń fi odidi ọdún kan kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń ká ìka lórí píánò. Ó na bébà náà sí ìyá Morádéyọ̀.

"Ẹ mú un lọ síbẹ̀. Kò tíì pẹ́ jù fún un."

Ìyá ọmọ gba bébà. Kò bú u, kò sì dúpẹ́. Ó gbé ọmọ rẹ̀ dìde, ó gbọn eruku orúnkún rẹ̀ dànù, wọ́n jáde. Alhaji Zubair náà pe Hanifah, wọ́n tẹ̀ lé wọn.

Ọmọ mẹ́ta ló kù. Delight, ọmọ ọdún méje, ló kéré jù nínú wọn.

"Ọ́ńkù, kí la máa ṣe báyìí?"

Akínọlá fa àga, ó jókòó láàárín wọn. Ó fi àtàńpàkò lé eyín dúdú kan, ó sì bẹ̀rẹ̀ orin tó ti ń tẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún. Kò dé ìlà kejì tó fi ṣìnà.

Delight bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ ṣì í!"

"Mo ṣì í lóòótọ́," Akínọlá wí. Ó tún un bẹ̀rẹ̀ níwájú wọn.